Ọmọ Ta Ni Ẹ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ Ọmọdé Nípa Ẹbí àti Ìlú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti àwọn òbí sọ ní Àkúrẹ́. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà, mo sì fi díẹ̀ lára àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá síbí, mo kí i yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Bí ọmọ kékeré bá ń dá rìn ní Ìsọ̀lọ̀ tàbí ní Òkè-Àró, tí àgbàlagbà kan rí i, kì í kọ́kọ́ bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Bí ọmọ bá dáhùn, ìbéèrè mìíràn á tẹ̀ lé e: "Lágbájá wo? Èyí tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ti ìsàlẹ̀ odò?" Kí ọmọ náà tó kúrò níbẹ̀, wọ́n á ti rí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ tí wọ́n mọ̀, wọ́n á ní kó bá àwọn kí ìyá rẹ̀, ó sì lè rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mú lọ.

Orí ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ òní lé. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà ti sọ ẹ̀kọ́ nípa ẹbí, nípa irú ẹni tí ọmọ jẹ́ àti nípa ìlú rẹ̀ di àkọ́sórí. Ọmọ á dìde, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á ka olú-ìlú ìpínlẹ̀, orúkọ gómìnà àti ti ààrẹ láì mí. Bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ jẹ́ sí ìyá àgbà tó wá kí wọn lánàá, kò mọ̀ ọ́n. Mi ò ní kó má mọ gómìnà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ènìyàn ni ọmọ kékeré kọ́kọ́ ń mọ̀ kó tó mọ ìlú, kó tó mọ ìjọba. Ẹni tí òun jẹ́ sí àwọn tó yí i ká, ibẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tí òun í ṣe, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Kò wá rọrùn bó ṣe ń dún létí o. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Jean Piaget, ará Switzerland tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣèwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń ronú, bi àwọn ọmọ ìlú Geneva ní ìbéèrè kan: ṣé o ní arákùnrin? Ọmọ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé arákùnrin rẹ náà ní arákùnrin? Ọmọ á ní rárá. Kò ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ dán an wò nílé. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́rin yín bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n. Á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá Fọlá." Ẹ wá bi í pé ṣé Fọlá ní àbúrò. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa mi orí. Lójú tiwọn, ẹ̀gbọ́n ni Fọlá, ó parí, bó ṣe ga náà ni, bó ṣe dúdú náà ni. Pé òun gan-an ni àbúrò tí wọ́n ń béèrè, kò lè rí i àfi bí ẹnì kan bá fara balẹ̀ fi hàn án. Olùkọ́ tí kò mọ èyí á máa bínú, á ní ọmọ ò fọkàn sí ẹ̀kọ́.

Piaget yìí kan náà bi wọ́n léèrè nípa ìlú. Ṣé ènìyàn lè jẹ́ ará Geneva kó tún jẹ́ ará Switzerland? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké ní kò ṣeé ṣe, ọ̀kan lènìyàn ń jẹ́. Tiwa níbí tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Àkúrẹ́ ni ẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó lo wà, àmọ́ ọmọ Oǹdó kọ́ ni ẹ́, torí ìlú kan wà lọ́tọ̀ tó ń jẹ́ Oǹdó, Ọ̀ṣemàwé ló sì ń jọba níbẹ̀, kì í ṣe Déjì, ọba Àkúrẹ́. Àgbà lè ṣàlàyé pé orúkọ Oǹdó tí wọ́n ń pe agbègbè yìí láyé ìjọba àwọn òyìnbó, tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú fún, ni wọ́n tún fi sọ ìpínlẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Òótọ́ ni. Kí ló kan ọmọ ọdún mẹ́rin nínú rẹ̀? Ẹ fi sílẹ̀ títí ó fi máa dé kíláàsì kẹta, kẹrin.

Nígbà kan, agboolé ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó pè é ní ẹ̀kọ́. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ọmọ á lọ kí bàbá àgbà ní yàrá, á bọ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, á kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á rán an: "Gbé èyí lọ fún ìyá rẹ kékeré. Lọ sọ fún bàbá rẹ àgbà pé oúnjẹ ti délẹ̀." Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an yìí ló ti ń mọ ẹni tó ju ẹnì kan lọ, ẹni tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún ṣáájú, àti yàrá ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ̀ láì jẹ́ pé wọ́n pè é. Àwọn ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tí wọ́n bá nílé lórúkọ. Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Ìdílẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n, ọmọ tí kò tíì lè nu ikun imú ara rẹ̀ á sì máa gbọ́ tí obìnrin tó lè bí ìyá rẹ̀ ń pe òun ní "ọkọ mi". Ẹ wò ó bó ti rí: ọmọ ọdún mẹ́ta, ó jẹ́ ọmọ sí ẹnì kan, ó jẹ́ àbúrò sí ẹnì kejì, ó tún jẹ́ ọkọ sí ẹnì kẹta, kí oòrùn tó gùn. Ohun tí ọmọ Geneva ò rí dáhùn, inú ìkíni àárọ̀ ni ọmọ agboolé ti ń kọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ ń kọ́ lónìí ò gbé nínú agboolé mọ́. Fúláàtì ni wọ́n ń gbé, ní Ìjàpò, ní ọ̀nà FUTA, ní Ọ̀dà. Géètì wà lẹ́nu ọ̀nà, bàbá ti gba Alágbàká lọ síbi iṣẹ́ kí ọmọ tó jí, ó di Kérésìmesì tàbí Iléyá kí wọ́n tó rí ìyá àgbà. Mi ò dá òbí lẹ́bi, àìríṣẹ́ nítòsí àti owó ilé ló fọ́n wa ká. Ohun tó ti ibẹ̀ yọ ni pé iṣẹ́ agboolé ti bọ́ sí ẹ̀yin olùkọ́ lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó fi kún owó oṣù yín. (Ibí ni àwọn olùkọ́ ti pàtẹ́wọ́ jù.)

Báwo la ó ṣe wá ṣe é ní kíláàsì? Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìtumọ̀ ẹbí bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ àwòrán tó máa ń wà nínú ìwé: bàbá, ìyá, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn ajá á wà níwájú wọn. Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó pé ẹbí ni bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ. Nínú ọmọ ogún tó jókòó síbẹ̀, ọ̀kan ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìsìnkàn torí Èkó ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá ọ̀kan fẹ́ ìyàwó méjì, ọmọ ìyá kejì sì wà ní kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ọ̀kan, bàbá rẹ̀ ti kú. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, òun ló sì ń pè ní Mọ́mì. Kí olùkọ́ tó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, àwọn mẹ́rin yìí ti gbọ́ pé ilé tiwọn kì í ṣe ẹbí. Wọn ò ní sọ nǹkan kan o. Ọmọdé kì í ṣàròyé irú ìyẹn. Ńṣe ló máa ya bàbá tí kò sí nílé sórí ìwé, kí tirẹ̀ lè bá ti àwọn yòókù mu.

Ìbéèrè ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló jí ẹ láàárọ̀ yìí? Ta ló wẹ̀ fún ẹ? Ta ló di irun ẹ? Ta lẹ jọ jẹun lálẹ́ àná? Ẹni tí ọmọ bá dárúkọ, òun ni kó yà, bí wọ́n bá tiẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí ni ẹni yìí jẹ́ sí ẹ, kí ẹ wá yí i padà: ìwọ náà ńkọ́, kí lo jẹ́ sí i? Ìbéèrè kejì yẹn ni kókó. Bó bá ní ìyá àgbà ló wẹ̀ fún òun, ta wá ni ọmọ-ọmọ ìyá àgbà? Bó bá ní Bọ̀dá Fọlá ló mú òun wá sílé-ìwé, ta wá ni àbúrò Bọ̀dá Fọlá? Wọ́n á kọ́kọ́ máa wojú yín. Ẹ tún un bi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ohun tí ọjọ́ kan ń gbà.

Bí ọmọ bá ya ìyá méjì, ẹ má bi í pé èwo ni ìyá rẹ̀ gan-an. Ó ti sọ fún yín, méjì ló yà. Olùkọ́ tó bá ní èrò tirẹ̀ nípa ilé olórogún, kó fi èrò náà sílé ara rẹ̀ kó tó wá síbi iṣẹ́.

Orúkọ ni apá tí mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni à ń kó ọmọ jáde. Oyin á wà nílẹ̀, iyọ̀, orógbó, obì, ataare, omi. Bàbá àgbà á sọ tirẹ̀, ìyá àgbà á sọ tirẹ̀, ẹbí ìyá ọmọ náà á sọ tiwọn, ẹni tó bá fowó sínú abọ́ ti lẹ́tọ̀ọ́ àtisọ orúkọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kan fi lè ní orúkọ mẹ́jọ tó jẹ́ pé méjì péré ló wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín. Ẹ fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ọmọ lọ bi wọ́n nílé pé orúkọ wo ni mo tún ní, ta ló sọ mí bẹ́ẹ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn? Òbí ni kó kọ ìdáhùn sílẹ̀, ọmọ ni kó wá fẹnu sọ ọ́. Abíọ́nà á ní ojú ọ̀nà ni wọ́n bí òun sí. Abíọ́dún á ní ọdún ló bọ́ sí. Ìgè á ní ẹsẹ̀ lòun fi wáyé, gbogbo kíláàsì á sì fẹ́ rí ẹsẹ̀ náà. Táíwò àti Kẹ́hìndé á jà lórí ta ni ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ ò sì ní lè dá ẹjọ́ yẹn kó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Orúkọ tún máa ń júwe ilé: Adé fún ilé ọba, Ayàn fún ilé onílù, Fá fún ilé babaláwo, Ògún fún ilé ọdẹ àti ilé alágbẹ̀dẹ. Ẹ dé Oǹdó, ẹ ó gbọ́ Akin títí. Ibí ni kí ẹ ti rọra o. Ọ̀pọ̀ ẹbí ti yọ Fá tàbí Ògún kúrò nínú orúkọ wọn, wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò, ìdí tí wọ́n fi ṣe é sì yé wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láti bi ọmọ ọdún márùn-ún pé kí ni bàbá bàbá rẹ̀ ń bọ.

Orúkọ kan wá wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀ rárá, ti ìyá tó bí wọn. Àwa la fà á. Láti ọjọ́ tí a ti bí àkọ́bí ni ìyá ti di Ìyá Tọ́lá, bàbá ti di Bàbá Tọ́lá. Ọkọ ń pè é bẹ́ẹ̀, àdúgbò ń pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ sì ni. Àmọ́ ẹ rò ó wò bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá já ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí ọjà kún. Àwọn ìyá ọlọ́jà gbé e sórí àpótí, wọ́n ń bi í. Kí lorúkọ ìyá ẹ? Mọ́mì. Bàbá ẹ ńkọ́? Dádì. Ibo lẹ̀ ń gbé? Ilé wa. Ọmọ ò purọ́, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ. Kó mọ orúkọ ìyá àti bàbá rẹ̀ ní kíkún. Kó mọ orúkọ àdúgbò, àti ohun kan tí gbogbo ayé mọ̀ nítòsí ilé, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé epo. Nọ́ńbà fóònù kan, ẹ fi orin kọ́ ọ, kò ní gbàgbé. Kí ẹ tún sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá béèrè là ń sọ ọ́ fún. Ìyá tó jókòó sídìí ọjà rẹ̀ ni kó lọ bá, tàbí ọlọ́pàá.

Ní ti ìlú, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ kó wọn jáde láàárọ̀, méjì-méjì, kí ẹ rìn yí àdúgbò ilé-ìwé ká. Ta ló ń lọ ata níbí? Ta ló ń lẹ táyà? Télọ̀ wo ló rán aṣọ ilé-ìwé yín? Kí ọmọ kí wọn, kí wọ́n sọ orúkọ wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. (Ẹ ti lọ sọ fún wọn ṣáájú o. Bí wọ́n bá ṣàdédé rí èrò nínú aṣọ kan náà, fọkanáísà á rò pé ẹ wá já owó gbà.) Ọmọ tó bá ti mọ èèyàn mẹ́fà lójú ọ̀nà tó ń gbà wá sílé-ìwé ti mọ ìlú ju ẹni tó ka olú-ìlú ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì lórí.

Lẹ́yìn àdúgbò ni ààfin tó kàn. Ààfin àtijọ́ ti Déjì wà nítòsí Ọjà Ọba, ìjọba àpapọ̀ sì ti kà á mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè yìí. Àgbàlá inú rẹ̀, tí àwa ń pè ní uà, lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: Uà Ùbúra wà fún ìbúra, Uà Ìkómọ sì wà fún ìsọmọlórúkọ. Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ ìtàn orúkọ wọn, wọn ò ní máa wo ògiri lásán, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ojú títì Ọba Adésídà tí wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́, ẹ sọ fún wọn pé ọba kan ló ní orúkọ yẹn. Ọdún 1897 ni Adésídà Kìíní gorí ìtẹ́, ó di 1957 kó tó wàjà. Fún ọmọ kékeré, ẹ ní kí wọ́n tó bí bàbá àgbà yín ló ti jọba. Ìyẹn náà tó.

Àwọn ọba mìíràn tún wà: Ìralẹ́pò wà ní Ìsìnkàn, Ọ̀sọ̀lọ̀ wà ní Ìsọ̀lọ̀. Ta ló ju ta, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà, kó má wọ kíláàsì. Fún ẹ̀yin tí ẹ wá láti Oǹdó, ìtàn ìlú yín ní obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó jọba níbẹ̀, Púpùpú, títí dòní sì ni oyè Lóbùn, oyè olórí àwọn obìnrin ìlú, ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí gbogbo ọmọbìnrin ìpínlẹ̀ yìí gbọ́ ìyẹn kó tó pé ọdún mẹ́fà.

Ìlú ò sì jẹ́ ti onílẹ̀ nìkan. Àwọn Haúsá wà ní Ṣábó, àwọn Íbò wà lọ́jà, Ẹ̀bìrà ń dáko káàkiri ìpínlẹ̀, àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ Àrógbò ti etí omi wá síbí. Ọmọ wọn wà ní kíláàsì yín, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ lè dán ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ. Kí ẹ tó bi ọmọ pé níbo ni bàbá ẹ ti wá, ẹ bi gbogbo wọn pé níbo lò ń gbé. Àkúrẹ́ ni ìdáhùn gbogbo wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyá Íbò tàbí ìyá Ẹ̀bìrà lè wá sọ bí wọ́n ṣe ń sọmọ lórúkọ lọ́dọ̀ tiwọn.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí ọ̀rọ̀ èdè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Àkúrẹ́ wa níbí ni Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ti ṣe ìpàdé tí wọ́n ti wọ́gi lé e: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Èmi ò gbà. Láti ọdún 1970 ni Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Fáfúnwá yìí náà ló wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù lè má lè tàpá sí àṣẹ. Ó dáa, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Ìkíni, ìtàn, orin, àti ìbéèrè ta lo jẹ́ sí ta, èdè tí ìyá àgbà ọmọ náà ń sọ ni kí ẹ fi ṣe é. Bó bá sì jẹ́ èdè Àkúrẹ́ gan-an ni ìyá àgbà ń sọ, kì í ṣe Yorùbá orí rédíò, ẹ pè é wá kó wá pàlọ́ fún wọn. Àwọn olùkọ́ mìíràn gan-an á rí nǹkan kọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo parí, olùkọ́ kan béèrè pé kí lòun máa ṣe sí ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ò sì fẹ́ kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní kó má dá a sílẹ̀. Ọmọ ti sọ ẹni tó wẹ̀ fún un, kó ya ẹni yẹn. Bí ọmọ mìíràn bá bi í pé bàbá ẹ dà, kí olùkọ́ dáhùn kíákíá pé ilé kálukú yàtọ̀, kó sì bọ́ sórí ohun mìíràn.

Bàbá kan ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi ọdún ìbílẹ̀ kó bá ọmọ òun, torí onígbàgbọ́ lòun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun àfiṣẹ̀sín. Mo dá a lóhùn pé lọ́jọ́ Àhéregbè, ọmọ á rí i pé ọjà tì, á sì béèrè. Kí wọ́n sọ fún un pé ọdún ìlú ni, àwọn kan ń ṣe é, àwọn kan kì í ṣe é, gbogbo wa la jọ ń gbé ìlú. Kò sí ẹbọ nínú ìyẹn. Orí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mì sí i, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ni olórí ilé-ìwé kan. Ó ní gbogbo rẹ̀ dára, ibo làyè wà fún un nínú àkókò ilé-ìwé? Mo ní kó mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, ọmọ kan lójúmọ́. Kó sọ ẹni tó mú un wá, ohun tí ẹni náà jẹ́ sí i, àti ohun tí òun jẹ́ sí ẹni náà. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, ẹ ó yí wọn ká láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ẹ wá tún bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni àkọ́kọ́, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń mú un wá nígbà yẹn.